Sọ̀fíyátù, Ẹni Tí Gbogbo Ọmọ Ń Jẹ́wọ́ Fún

Nínú gbogbo ilé tó yí adágún Southmere ká, àtèyí tó ti gbó àtèyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, kò sí ọmọ Yorùbá kan tó lè parọ́ fún Auntie Sọ̀fíyátù kó sì mú un jẹ. Àwọn tó dán an wò mọ ohun tí ojú wọn rí.

Kì í ṣe pé obìnrin yìí ń na ọmọ o. Ìlú tí wọ́n wà kò gba ìyẹn, òun náà kò sì fẹ́ràn pàṣán láti ìgbà tó ti ń ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Agége. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀, kó tó gba físà ìtọ́jú àgbàlagbà, tó kó Waheedah àti Nasir, ọmọ rẹ̀ méjèèjì, wá sí Thamesmead. Tíṣà wá di ẹni tó ń wẹ arúgbó, tó ń fún wọn lóògùn, tó ń bá wọn wá awò tó wà lójú wọn kiri ilé. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìbéèrè tó gbé bọ̀ láti Agége kò dín kù rárá.

Báyìí ló ṣe ń ṣe é. Yóò fi ọmọ jókòó sórí àpótí kékeré nínú kíṣìnì, òun yóò sì máa rẹ́ ilá. Kò ní wo ojú ọmọ. Yóò kàn béèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ọmọ yóò ní òun ò mọ̀. Ilá á máa bọ́ sínú abọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, "Mo ní, kí ló ṣẹlẹ̀?" Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, á gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, á mí kanlẹ̀, á wá sọ gbólóhùn tó ń ṣiṣẹ́ fún un láti ọjọ́ tó ti pẹ́: "Mo ti mọ̀. Ẹnu ẹ ni mo kàn fẹ́ ti gbọ́ ọ." Kò mọ nǹkan kan o! Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó gbọ́ gbólóhùn yẹn tí ojora kì í mú. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ ti jẹ́wọ́, ó ti bẹ̀bẹ̀, ó sì ti fọ abọ́.

Nítorí náà ni àwọn ìyá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àtàwọn bàbá tó ń wa ọkọ̀ ṣe máa ń mú ọmọ wọn wá fún un, bí ẹni gbé aago lọ fún alágo. "Auntie, ẹ bá mi bi í, ẹni tó ń lo card mi lórí game." Inú rẹ̀ a sì máa dùn. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, obìnrin náà fẹ́ràn oríyìn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí ilé ìwé wà nínú ìsinmi àárín sáà, Sọ̀fíyátù ń ti ilé ìyá arúgbó kan ní Belvedere bọ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọlọ́pàá ni. Wọ́n ti mú Tamílọ́rẹ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọmọ Olúwafèyíṣayọ̀ tó ń gbé lórí òkè ilé rẹ̀. Olúwafèyíṣayọ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù, ó ti fóònù rẹ̀ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì ní jáde kó tó di agogo méje. Bàbá ọmọ wà ní Abẹ́òkúta. Òfin sì ni pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ da ìbéèrè bo ọmọdé láìsí àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n bi Tamílọ́rẹ pé ta ni kí àwọn pè. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló mọ̀ lórí, nítorí pé Sọ̀fíyátù ti fi tipátipá kọ́ gbogbo ọmọ àdúgbò ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ẹ̀sùn náà rèé. Lọ́jọ́ Sátidé, ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan já ágádágodo ibi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ sí létí adágún, wọ́n wa ọ̀kan tó pupa dé àárín omi, wọ́n dá a lu, ó rì, wọ́n sì lúwẹ̀ẹ́ jáde, wọ́n sá lọ. Ọkùnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ ṣeré ní òun rí ọmọbìnrin dúdú kan láàárín wọn, pé ó fi àtáṣímẹ́ǹtì pupa rúsúrúsú dirun, ó sì wọ ẹ̀wù onífìlà aláwọ̀ eérú. Irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ tó ogún ní Thamesmead. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tí wọ́n jọ ń lọ ilé ìwé ti sọ pé Tamílọ́rẹ ni, ọ̀rọ̀ sì ti débi tó dé.

Kí bọ́ọ̀sì tó gbé Sọ̀fíyátù dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó ti pinnu ohun tó máa ṣe. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, bí inú bá ń bí àgbà, a kì í kọ́kọ́ béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ọmọ á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná. Ara àgbà á rọ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ á ní "ó tó, dìde," lẹ́yìn náà la óò wá jókòó gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìjẹ́wọ́, omi tútù lásán ni. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sọ̀fíyátù kò rántí bi ara rẹ̀ pé ṣé àwọn ọlọ́pàá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe mú Tamílọ́rẹ jáde síwájú káńtà, níbi tí sájẹ́ǹtì kan jókòó sí, Sọ̀fíyátù kò tiẹ̀ kí i.

"Tamílọ́rẹ! Kúnlẹ̀! Kneel down, my friend, beg them!"

"But Auntie, I didn't even—"

"Ṣé mo bi ẹ́? Mo ní kúnlẹ̀!"

Ọmọ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. "Sorry sir. Sorry ma. I won't do it again."

"She's a small girl, sir," ni Sọ̀fíyátù fi kún un, tí òun náà tẹ orúnkún díẹ̀. "She will never do it again. It's the work of ṣàìtánì."

Sájẹ́ǹtì náà, tó jọ pé kò sí ẹni tó kúnlẹ̀ fún un rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé kí ọmọ náà dìde. Lẹ́yìn náà ló wo aago, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Inú Sọ̀fíyátù dùn. Ó rò pé ọkùnrin náà ń kọ ọ́ pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé kò wá dáhùn fún ọmọ, pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ìbéèrè kò fì sápá kan, àti pé ohun tí wọ́n ń sọ yé ọmọ. Ó ń mirí, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ́yà, pé ọ̀fẹ́ ni. "Lawyer ke?" ni ó sọ. "Are we criminals?" Tamílọ́rẹ wo ojú rẹ̀, òun náà ní òun ò fẹ́.

Yàrá ìbéèrè kéré, kò ní fèrèsé, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà lórí tábìlì, aago wà lára ògiri. Ọlọ́pàá tó fẹ́ bi wọ́n léèrè ń jẹ́ Asher, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó ka ohun tó yẹ kó kà tán, ó wá ṣí ìwé rẹ̀.

Ó ní, "Ní agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, níwájú káńtà, o kúnlẹ̀, o ní kí a má bínú, pé o kò ní ṣe é mọ́. Kí ni ohun tí o kò ní ṣe mọ́?"

Nígbà náà ló yé Sọ̀fíyátù ohun tí sájẹ́ǹtì kọ sílẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ sílẹ̀, òun gan-an ló sì gbé e lé ọmọ lọ́wọ́.

Tamílọ́rẹ fa irun rẹ̀ bo etí. Asher béèrè pé níbo ló wà lọ́jọ́ Sátidé ní agogo márùn-ún. Ó ní ilé lòun wà. Ta ló wà nílé pẹ̀lú rẹ̀? Kò sí ẹnì kankan. Asher ní aládùúgbò kan sọ pé òun rí i tó ń jáde ní agogo mẹ́ta. Ó ní, ehn, òun jáde. Sí ibo? "Just out, innit." Asher kò pariwo, kò sì lu tábìlì. Ó kàn ń tún un béèrè, ó ń gba apá ọ̀tún wọlé, ó ń gba apá òsì wọlé, ó sì ń dákẹ́ dáadáa láàárín. Kí n má parọ́, Sọ̀fíyátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn iṣẹ́ ọmọ náà, bí ọ̀gá télọ̀ tó ń wo abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àfìgbà tí Asher tẹ̀ síwájú díẹ̀ tó ní ẹnì kan ti rí i, pé òun kàn fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀ ni.

Ẹ̀rín kú lójú Sọ̀fíyátù. Gbólóhùn òun rèé!

Tamílọ́rẹ gbójú sókè wo aago. Agogo mẹ́ta ti lù. "If I say it's me, ṣé mo máa délé before seven?"

Asher sọ òótọ́ fún un pé òun ò lè ṣèlérí kankan. Ṣùgbọ́n etí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í gbọ́ ju ohun tó ń wá lọ. Orúkọ tó máa bàjẹ́, àkọsílẹ̀ tó lè tẹ̀ lé e dé ẹnu iṣẹ́, ìwé ìgbélùú tí ìyá rẹ̀ ń retí, gbogbo ìyẹn wà lọ́nà jíjìn. Agogo méje ìrọ̀lẹ́ ló wà níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ wà nílé kí ìyá rẹ̀ tó dé, kí ẹnikẹ́ni má bi í ní nǹkan kan mọ́.

"Okay, fine. It was me. Èmi ni mo gbé e." Ó sinmi díẹ̀. "We used a hammer."

Kò sí ẹni tó bi í ní òòlù. Òòlù yẹn ló jí Sọ̀fíyátù. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Sọ̀fíyátù wo ẹ̀yìn, ó sì rí páálí dàbínù.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá ni. Ó ra páálí dàbínù kan fún ìṣínu, nígbà tó sì máa di ọjọ́ kejì, kò rí i mọ́. Ó gbé àpótí sílẹ̀, ó gbé ilá. Nasir jẹ́wọ́ pé òun ni. Inú Sọ̀fíyátù dùn, àmọ́ kó lè fi dá ara rẹ̀ lójú, ó pe Waheedah. Waheedah náà ní òun ni. Enoch, ọmọ ilé kejì, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì tó kàn wá yá ṣájà fóònù, ni ó tún gbé jókòó. Enoch sunkún, ó ní òun ni, ó tún ní òun ti ju kóró rẹ̀ sínú adágún. Ọmọ mẹ́ta, páálí kan! Lọ́jọ́ kẹta ni Sọ̀fíyátù bá páálí náà ní ìsàlẹ̀ báàgì onítáyà tó fi ń lọ sọ́jà, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ohùn tí Enoch fi sọ ọ̀rọ̀ kóró yẹn, òun gan-an ni Tamílọ́rẹ fi sọ ọ̀rọ̀ òòlù, ohùn ẹni tó fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi.

"Stop," ni Sọ̀fíyátù sọ. Ó tún un sọ. "Stop it, please. This girl is tired. We want break. And we want the lawyer."

Asher wò ó, ó ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ó sì pa ẹ̀rọ.

Lọ́yà tó dé ń jẹ́ Gbémiga. Woolwich ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì dà bí aṣọ tí wọ́n sáré rán.

"Auntie, o ní kó kúnlẹ̀?"

"Ta lò ń pè ní 'o'? Mo bí ẹ!"

"Sorry, Auntie. Ẹ ní kó kúnlẹ̀?"

"Mo ní kó kúnlẹ̀."

"On camera?"

"Ṣé mo mọ̀ pé kámẹ́rà wà níbẹ̀ ni?"

Gbémiga fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní òun fẹ́ bá Tamílọ́rẹ sọ̀rọ̀ ní àwọn méjì péré. Sọ̀fíyátù ní kò ní ṣeé ṣe, pé ọmọ náà ni òun torí rẹ̀ wá. "Auntie, ohun tó bá sọ fún mi, police can't ask me. Ẹ̀yin, they can ask you." Ó ṣì fẹ́ jà, àmọ́ Tamílọ́rẹ sọ lóhùn kékeré pé, "Auntie, ẹ jọ̀ọ́." Ló bá jáde, ó lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ta ìpanu. Inú ń bí i, ebi sì ń pa á.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, Gbémiga jáde, ó ń fi eyín tẹ ètè kí ẹ̀rín má baà jáde. Ó ní ọmọ náà ti gbà pé kí òun sọ fún Sọ̀fíyátù. Lọ́jọ́ Sátidé, ní agogo márùn-ún, Tamílọ́rẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Beresford Square, níbi tí ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú un lọ, tí wọ́n ti ń lu etí rẹ̀ ní ihò kejì àti ìkẹta. Fọ́tò wà nínú fóònù rẹ̀, aago wà lára fọ́tò.

"Etí?" ni Sọ̀fíyátù sọ. "Nítorí etí ló ṣe fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi mọ́ra? Kí ló dé tí kò sọ?"

"She said you'd tell her mum."

"Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ni wọ́n! Kò bẹ̀rù ọlọ́pàá?"

Gbémiga kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Auntie, ó ní police máa fi òun sílẹ̀ one day. Ẹ̀yin lẹ̀rù ń bà á. She couldn't say it with you sitting there."

Sọ̀fíyátù fẹ́ fi í ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Gbogbo ọdún tó ń rò pé àwọn ọmọ ń sọ òótọ́ fún òun torí pé òun gbọ́n, ojú òun ni wọ́n ń sá fún. Ìtìjú mú un níbi tó jókòó sí.

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Gbémiga gbé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti fọ́tò kalẹ̀. Asher ní òun máa wádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ńkọ́? Ìjẹ́wọ́ ńkọ́? Tí ọmọ náà kò bá ṣe é, kí ló dé tó fi ní òun ṣe é? Kò sí ẹni tó lè dáhùn ìyẹn bí kò ṣe ẹni tó ń fi irú rẹ̀ ṣe iṣẹ́. Sọ̀fíyátù na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀rọ ń gbà á sílẹ̀, ó ṣàlàyé pé òun ló ní kó kúnlẹ̀, pé nílé àwọn, a kì í ti ara ẹ̀bẹ̀ mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ó wá sọ ìtàn páálí dàbínù, kò fi ọ̀kan pe méjì. Ó dárúkọ ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó sọ̀rọ̀ báàgì onítáyà.

Asher ní, "Ta ló wá jẹ dàbínù náà?"

"Me," ni Sọ̀fíyátù sọ. "In the bathroom. I locked the door." Ó yára fi kún un pé lẹ́yìn ìṣínu ni o, kí wọ́n má rò pé òun ò gbààwẹ̀.

Tamílọ́rẹ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́jọ́ náà.

Wọ́n pe ṣọ́ọ̀bù náà. Ọkùnrin tó ń lu etí rántí rẹ̀ dáadáa, torí pé igbe tó ké lé oníbàárà méjì sá, kámẹ́rà rẹ̀ sì fi wákàtí hàn. Kó tó di agogo mẹ́fà ààbọ̀, wọ́n ní kó máa lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí.

Òkè bọ́ọ̀sì ni wọ́n jókòó sí. Sọ̀fíyátù yọjú wo etí ọmọ náà.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Small."

"Omi iyọ̀ ni kó o máa fi nù ún. Má máa fọwọ́ kàn án." Sọ̀fíyátù gbé ojú sí fèrèsé, ó gbé e kúrò níbẹ̀. "Tamílọ́rẹ, má bínú."

Ọmọ náà wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. "Ṣé èmi lẹ̀ ń sọ fún?"

"Ìwọ ni."

Olúwafèyíṣayọ̀ dé ní agogo mẹ́jọ, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, ó ti rí ìpè mọ́kànlá lórí fóònù rẹ̀. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Auntie. Ibi tó ti ń dúpẹ́ ni irun ti yẹ̀, tó rí yẹtí mẹ́ta lórí etí kan. Ọpẹ́ tán.

"Kí ni mò ń wò yìí? Ta ló fún ẹ láṣẹ? Níbo lo ti ṣe é? With whose permission?"

Sọ̀fíyátù fa àga, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Tamílọ́rẹ, ó jókòó. "Olúwafèyíṣayọ̀, ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan. Jẹ́ kí ọmọ mu omi."

Ìyá kọjú sí i. "Auntie, ṣé ẹ mọ̀ sí i ni?"

"Rárá o."

Olúwafèyíṣayọ̀ bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó bọ́ ti òsì. "Auntie."

"Mo ní rárá."

Ó jókòó, ó káwọ́ lé àyà, ó wo Sọ̀fíyátù, kò sọ nǹkan kan. Láti àárọ̀ ni Sọ̀fíyátù ti wà lórí ìrìn, kò tíì jẹun, ojú obìnrin yẹn kò sì ṣẹ́. Òógùn bo imú rẹ̀. Ó gbọ́ tí ohùn ara rẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá àánú ọmọ ló mú un sọ ọ́ ni, àbí ó kàn fẹ́ lọ sùn.

"Èmi ni. Èmi ni mo ní kó lọ lù ú. Kódà, èmi ni mo yan yẹtí."

"Ẹ̀yin, Auntie Sọ̀fíyátù?"

"Irọ́ ni, Mummy," ni Tamílọ́rẹ sọ. Ó gbé irun rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lórí etí, kí ìyá rẹ̀ lè rí i dáadáa. "Auntie ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo lọ, èmi ni mo ṣe é."

Kò sì sí ẹni tó bi í.